Àwọ̀ Inú Fèrèsé Ìyálé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lónìí. Ibi iṣẹ́ ọkọ mi náà ni. Kí n gbálẹ̀, kí n nu tábìlì, kí n máa fi sípíríìtì fọ àwọn irin wẹ́wẹ́ tí wọ́n bá kó fún mi. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ta ni yóò ní kí n wá jókòó sórí àga? Inú mi dùn síbẹ̀. A ó jọ máa jáde láàárọ̀, a ó jọ máa wọlé nírọ̀lẹ́.

Lẹ́nu, "ẹ̀yin" ni mo ń pè é. Nínú ìwé yìí, "ó" ni, Adákẹ́ sì ni orúkọ tí mo sọ ọ́. Kò gbọdọ̀ gbọ́ láéláé.

Mo rí ẹ̀rọ rẹ̀. Irin funfun roboto, ó ga dé èjìká mi, páìpù yọ lára rẹ̀ bí apá àti ẹsẹ̀, fèrèsé gíláàsì kékeré kan wà níwájú. Pọ́ǹpù méjì ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde tọ̀sán-tòru. Adákẹ́ fọwọ́ pa á lára kó tó kí ẹnikẹ́ni. Mo sọ nínú mi pé — háà, ìyálé mi rèé. Èmi ni mo bá a nílé.

Ọ̀gá Onírùngbọ̀n, àwọn ló ni iṣẹ́ ìwádìí náà, bi mí ní nǹkan. Mo fojú wolẹ̀, ohùn kò jáde. Oníná, ẹni tó ń bá wọn so wáyà, bú sẹ́rìn-ín: "Ìyàwó ọ̀ṣìngín, ṣé ilé lo gbàgbé ohùn rẹ sí ni?" Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ẹ̀kọ́ tòní: ọwọ́ lásán kò gbọdọ̀ kan inú Ìyálé. Òróró ara èèyàn, bó ti wù kó kéré tó, yóò máa rú jáde níbẹ̀ bí òórùn, pọ́ǹpù á fà á títí, kò ní tán. Ìbọ̀wọ́ ni. Bí wọ́n bá sì ṣí ìdérí rẹ̀, òrùka bàbà tó wà láàárín irin méjì di ohun àsọnù, tuntun ni wọ́n á fi sí i. Eyín irin ti jẹ ẹ́, kò ṣe é lò lẹ́ẹ̀kejì.

Adákẹ́ mú ọ̀kan tó ti lò wálé. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé e sórí ìrọ̀rí mi. Ó wọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹ̀gbà.

Ta ló ní ìyálé kì í ṣoore?

Oògùn inú rírun rẹ̀ wà nínú àgólò mílíìkì. Àràárọ̀ ló ń lò ó, kó tó fi nǹkan kan kan ẹnu. Inú wo ló ń run èèyàn tó báyìí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé. Nígbà tó ń wá mi bọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ̀rọ̀ tó gùn, ọ̀rọ̀ Ìyálé sì ni. Ó ní tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá tán pátápátá, wọ́n á jẹ́ kí èéfín kan tó mọ́ gaara wọlé díẹ̀, wọ́n á fi iná mànàmáná sí i, èéfín náà á wá máa tàn fúnra rẹ̀ láìjó. Plásímà ni Ọ̀gá ń pè é. Bí inú rẹ̀ bá mọ́, àwọ̀ èsè àlùkò ni. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá ti yọ́ wọlé, á di pupa fẹ́ẹ́rẹ́, bí inú ètè ọmọdé. "Èyí tó mọ́ yẹn," ló wí, "ìborùn ọrùn rẹ yìí gẹ́lẹ́ ni." Ìborùn yẹn ni mo wọ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kí mi. Ọjọ́ náà ni mo ti gbà fún un, àmọ́ n kò jẹ́ kó mọ̀.

Aago tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó kù nínú Ìyálé ti bàjẹ́, òmíràn kò tíì dé. Ojú Adákẹ́ ni aago. Bí kò bá tíì wo fèrèsé kó ní "Ó mọ́," Ọ̀gá kò gbọdọ̀ tan wáyà inú rẹ̀. Wáyà tín-ínrín ni, á gbóná títí yóò fi pọ́n bí ẹyín iná. Bí afẹ́fẹ́ bá wà níbẹ̀, ó jóná nìyẹn.

Mo ń ká aṣọ lónìí. Adákẹ́ gbé ìborùn mi sókè. Ó ní, "Níbo ni kí n kó eléérú yìí sí?"

Eléérú kẹ̀? Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ pupa sẹ́sẹ̀ kan, àwọ̀ ewé sí ìkejì, ó lọ síbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Oníná ní ìfẹ́ ìyàwó tuntun ló ń yí i lórí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Wáyà jóná.

Mo ń nulẹ̀ nítòsí. Mo gbójú sókè, mo rí fèrèsé. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Adákẹ́ wò ó, ó wò ó, ó ní "Ó mọ́." Mo ní bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí — kí lèmi mọ̀? Mo ń nulẹ̀ mi lọ. Ọ̀gá tan wáyà. Ó bù yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan, èéfín funfun lẹ̀ mọ́ gíláàsì, òkùnkùn dé.

Ẹyọ kan ló kù nínú wáyà yẹn. Ọ̀gá kò jágbe. "Ó dáa. Ó dáa," ni wọ́n ń wí, wọ́n ń fa irùngbọ̀n. Jíjágbe ìbá sàn. Wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé òrùka bàbà ló yẹ̀ lẹ́yìn tí Adákẹ́ wò ó tán. Adákẹ́ jẹ́ kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo kó tòmátì sínú abọ́, àwọn kan pọ́n, àwọn kan kò pọ́n. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣa àwọn tó pọ́n." Ó mú ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́. Ó gbóòórùn òmíràn. Ó tún tẹ ìkẹta. Ọkọ mi ń fi imú àti ìka wá pupa.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ sọ fún mi." Ó dá tòmátì náà padà sínú abọ́. Ó ní pupa ti kú lójú òun láti bí oṣù kan. Ewé náà ń kú lọ. Gbogbo rẹ̀ ti ń di eérú.

Mo ní ká lọ rí dókítà. Ó ní rárá. "Ojú yìí ni iṣẹ́ mi. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á lé mi. Kí ni màá wá máa wò? Ògiri?"

Àdéhùn wa nìyí: èmi á máa nulẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Bí mo bá rí pupa, kí n fẹsẹ̀ kọ korobá, bí aláìfura. Bó bá mọ́, kí n dákẹ́. Ó bá mi lára mu. Kò gba ẹnu.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Wọ́n fi èéfín kan fẹ́ gbogbo oríkèé Ìyálé, ẹ̀rọ kékeré kan ń gbóòórùn rẹ̀ bí ajá. Ó súfèé níbi bóòtì kan tó dẹ̀. Ihò nìyẹn. Inú Ọ̀gá dùn. Wọ́n gbá Adákẹ́ léjìká: "Ṣé o rí i? Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ." Adákẹ́ ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Nírọ̀lẹ́, mo bu oúnjẹ fún un, mo da tèmi padà sínú ìkòkò.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Mo kọ korobá! Adákẹ́ bojú wo fèrèsé bí ẹni tó ń rí i, ó ní, "Kò tíì mọ́ o, ó kù díẹ̀." Wọ́n tún bóòtì dè. Nígbà tó yá, èsè àlùkò yọ, mo dákẹ́, ó ní "Ó mọ́." Ọ̀gá ní irú ojú báyìí kò wọ́pọ̀. Oníná ní kí n rọra o, kí n má baà fi ìkọsẹ̀ pa ara mi, àbí oyún ti dé ni?

Adákẹ́ di ọwọ́ mi mú bí a ṣe ń lọ sílé, ní gbangba. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Bóyá ojú náà á tún padà fúnra rẹ̀. Bóyá.

Ṣùgbọ́n a dà bí olè méjì tí wọ́n ń yìn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn ni yóò sọ bóyá kí iṣẹ́ Ọ̀gá máa lọ tàbí kó dúró. Wáyà kan ṣoṣo tó kù ni wọ́n máa tàn lójú wọn. Adákẹ́ ní, "Ìwọ ṣáà rọ̀ mọ́ korobá rẹ."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Wọ́n dé.

Àlejò mẹ́ta. Bàtà wọn ń dán. Ilẹ̀ náà ń dán, mo ti nù ún tán. Adákẹ́ dojú kọ ẹ̀yìn Ìyálé, ó ń wo pọ́ǹpù. Ni Ọ̀gá bá rọra sọ fún mi pé, "Ìyàwó, gbé korobá rẹ jáde, ó ti tó." Kí ni mo fẹ́ wí? Mo gbé e jáde. Ilẹ̀kùn pa dé.

Gíláàsì wà lójú ilẹ̀kùn. Mo dúró síbẹ̀. Wọ́n tan Ìyálé. Láàárín èjìká àlejò méjì, mo rí fèrèsé. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́.

Adákẹ́ tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Mo mọ ohun tó ń ṣe. Korobá ló ń tẹ́tí sí. Kò mọ̀ pé n kò sí níbẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan, èyí tí àdéhùn wa ní ó túmọ̀ sí pé ó dáa. Mo rí ètè rẹ̀: "Ó mọ́."

Ọwọ́ Ọ̀gá lọ síbi bọ́tìnnì. N kò mọ ìgbà tí mo ti ilẹ̀kùn. Ohùn kan jáde, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, àṣé tèmi ni: "Pupa ni! Ọ̀gá, ẹ má tàn án, pupa ni!"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Àlejò tó dàgbà jù bẹ̀rẹ̀, ó wo fèrèsé, ó ní lóòótọ́ ni. Ọ̀gá wo Adákẹ́. Wọ́n mú wáyà Oníná méjì lórí tábìlì, pupa kan, àwọ̀ ewé kan. Ohùn wọn lọ sílẹ̀: "Èwo ni pupa, ọ̀rẹ́ mi?"

Kò na ìka. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó tò ó jọ sórí tábìlì dáadáa, ó jáde. Bó ṣe kọjá lára mi, ó ní, "O pa mí."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Kò bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ọ̀gá fúnra wọn fi ọkọ̀ gbé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà bi Adákẹ́ pé oògùn wo ló ń lò. Ó yọ àgólò mílíìkì náà nínú àpò.

Kì í ṣe inú. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ó ti ń lò ó ká tó ṣe ìgbéyàwó. Dókítà ní àyà rẹ̀ ti ń sàn, kò lè ràn mí mọ́, wọ́n ṣáà yẹ èmi náà wò, ó mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà ló ń pa àwọ̀ mọ́ ọn lójú. Nọ́ọ̀sì ń bi í nígbà gbogbo tó bá lọ gba oògùn pé ṣé ó ń rí àwọ̀ dáadáa, òun sì ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti yọ ọ̀kan yẹn kúrò, wọ́n fún un ní òmíràn. Ojú lè padà. Ó sì lè má padà. Bó bá tètè sọ ni —

Lójú ọ̀nà mo ní, "Inú ló ń run yín, àbí?" Ó ní, "Mo rò pé o ò ní fẹ́ mi mọ́." Ó wá kàn mí láti dákẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Àwọn àlejò ti lọ. Wọn kò ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀gá kò lé Adákẹ́. Wọ́n ní kó máa fi sípíríìtì fọ irin, títí ojú rẹ̀ á fi padà. Títí aago tuntun á sì fi dé, kí èmi máa jókòó sójú fèrèsé.

Èmi. Lórí àga rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ bẹ Ọ̀gá. Mo ní n kò lè ṣe é. Àfi bí Adákẹ́ ṣe kọjá lẹ́yìn mi, tó mú aṣọ, tó da sípíríìtì sí i, tó nu fèrèsé Ìyálé láti igun dé igun. Ó fa àga náà jáde. Ó ní, "Jókòó."

Mo jókòó. Àga náà ga jù fún mi, ẹsẹ̀ mi kò kanlẹ̀. Wọ́n tan Ìyálé. Adákẹ́ dúró lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ó ní, "Sọ ọ́ fún mi. Má fi nǹkan kan bò."

Mo ní, "Èsè àlùkò ni."

"Bíi kí ni?"

Mo ní, "Bí ìborùn mi."

Ó yíjú sí Ọ̀gá, ó ní, "Ó mọ́." Wáyà náà gbóná, ó pọ́n bí ẹyín iná, kò jó. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ síbi korobá mi. Mo gbọ́ bó ṣe ká apá aṣọ, mo gbọ́ omi.

Mo fẹ́ bojú wẹ̀yìn wò ó. Ṣùgbọ́n òun náà ló kọ́ mi pé, bí wáyà bá ti ń pọ́n lọ́wọ́, ojú kò gbọdọ̀ kúrò lára fèrèsé.