Ohun Tí Bàbá Rẹ Kọ Sórí Òkúta

Ilé Ìtẹ̀wé Kuwabara,
Sakata.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, ọdún 1978.

Chizuru, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Kí òtútù Hakodate má rí yín gbé ṣe. Ara tèmi le, àfi ọwọ́ tó ń ro mí. Jọ̀wọ́, jókòó kí o tó kà á síwájú.

Bàbá rẹ ti kú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni, ní ilé ìwòsàn. Èmi àti ìyàwó mi nìkan la wà níbẹ̀. A ti sun òkú rẹ̀, ìkòkò egungun rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ wa. Mo mọ̀ pé ọdún mọ́kànlá lẹ ò fi bá ara yín sọ̀rọ̀. N kò kọ̀wé láti bá ọ wí.

Lẹ́yìn tí ère irin wó pa ìyá rẹ, bàbá rẹ kò fọwọ́ kan irin mọ́. Òun tó máa ń jó irin pọ̀ di ère tí kò jọ ènìyàn, tí kò jọ ẹranko, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, “Tomeo, wá iṣẹ́ tí kò lè wó pa ènìyàn fún mi.” Mo fún un ní òkúta ìtẹ̀wé kan, irú èyí tí a ń ya àwòrán sí lórí kí a tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, àti gègé ọlọ́ràá.

Láti ìgbà náà, nǹkan kan náà ló ń yà: ìṣù dúdú ńlá kan, àti ìlà tín-ín-rín tó yẹ kó gbé e rọ̀, ṣùgbọ́n tó já. Tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, màá fi iyanrìn ha òkúta náà mọ́, yóò tún yà á. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: “Teiji, ìṣù yìí ti sú òkúta o!” Kì í rẹ́rìn-ín. “Kò tíì rí bó ṣe rí,” ni yóò wí.

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, nígbà tó ti ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, ó sọ bó ṣe rí fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ère náà wó, ìyá rẹ sọ fún un pé, “Bàbá Chizuru, okùn wáyà tó gbé ère yìí rọ̀ ti ń já o. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.” Àwọn tó fẹ́ wá wo ère náà ń bọ̀ lọ́sàn-án, ó sì ń kánjú. Ó ní, “Ó ti gbé e lóṣù kan, Kinue, yóò gbé e dọ̀la.” Ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ láti gbá ìdọ̀tí abẹ́ ère náà. Ibẹ̀ ló wó bá a. Bàbá rẹ wá sọ fún ọlọ́pàá pé ìyá rẹ fúnra rẹ̀ ló tú okùn. Lọ́jọ́ ìsìnkú, o pariwo pé irọ́ ni, gbogbo wa sì ní kí o dákẹ́. Èmi náà wà níbẹ̀. Ìwọ lo jàre, ọmọ mi. Dárí jì mí.

Inú bí mi, mo tilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ojoojúmọ́ ló ń wá dúró síta nínú yìnyín. Ìyàwó mi ló kígbe mọ́ mi pé, “Ṣé o fẹ́ kó kú sẹ́nu ọ̀nà wa ni?” Mo ṣílẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ náà, kò ya ìṣù. Ọ̀rọ̀ ló kọ, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, gbogbo lẹ́tà yí padà sódì. Mo ní, “Teiji, lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí, o tún gbàgbé pé òkúta ń yí ọ̀rọ̀ padà?” Ó ní, “N ò gbàgbé. Ọwọ́ mi lè kọ ọ́, ojú mi ò lè kà á.” Ìwé náà ló wà nínú àpò yìí. Gbé e síwájú dígí, wàá rí i kà.

Kò ní kí o dárí ji òun. Ohun tó bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn ẹbí ìyá rẹ mọ̀ pé Kinue kọ́ ló fa ikú ara rẹ̀.

Kí Ọ̀run tù ọ́ nínú. Kí àwọn ọmọ rẹ má jogún ìbànújẹ́ yìí.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ,
Kuwabara Tomeo

Àfikún: Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo tẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n ha òkúta náà mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀. Tí o bá ní kí n ha á, màá ha á. Tí o bá sì ní kí n tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ẹbí ìyá rẹ, tàdáwà wà nílẹ̀.