Ilé Tí Mo Ń Ṣọ́ fún Nereida

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta

Nereida ọmọ mi ló ra ìwé yìí. Ó ní kí n máa kọ nǹkan kan ṣoṣo sínú rẹ̀ lójoojúmọ́: ṣé àlejò sùn nílé ọlọ́sàn, èyí tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ọsàn lódìkejì títì, àbí ilé sófo. "Bàbá, ẹ̀yin náà kúkú ń jókòó síta látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìjókòó yẹn wúlò." Ọmọ tí mo bí. Ó fi mí ṣe ọlọ́dẹ, kò dárúkọ owó oṣù.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún rèé. Ilé iṣẹ́ ìránṣọ tó ti fi ọdún méjìlélógún ṣiṣẹ́ ní Santiago kógbá sílé. Wọ́n kó owó lé e lọ́wọ́, wọ́n ní ó dìgbóṣe. Ó fẹ́ fi ra ilé kan níbí, ní Las Galeras, kó máa fi gba àwọn tó bá wá jayé létí òkun. Ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n máa lọ. Kì í ṣe ayálégbé o. Ayálégbé a máa hu gbòǹgbò. Mo ní ilé wo ló fẹ́ rà, kò sọ. Ó ní ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òwò náà lérè. Ilé ọlọ́sàn la ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Ojú fóònù ń sọ pé ó máa ń kún, ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tó ń tajà nìyẹn. Ojú mi ló fẹ́.

Mo ní ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ọkọ̀ ojú omi ni mo fi gbogbo ayé mi kàn. Ó ní kíka ẹni tó sùn kò gba ìwé mẹ́rin.

Alẹ́ òní: wọ́n wà. Méjì. Òyìnbó. Wọ́n pọ́n bí edé tí a bọ̀.

Ìṣẹ́gun, 11

Wọ́n wà.

Ọjọ́rú, 12

Wọ́n wà. Ọkùnrin yẹn fi ẹsẹ̀ lásán lọ sí ṣọ́ọ̀bù igun lọ́sàn-án gangan. Ijó ló jó padà.

Ẹtì, 14

Àkàn bá mi níbi tí mo ti ń kọ̀wé. Quirino lorúkọ rẹ̀; èmi ni mo sọ ọ́ ní Àkàn, torí ìbàdí ọ̀tún rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń rìn. Òun náà ń pè mí ní Ẹ̀gà, ó ní ẹnu mi kì í gbófo. Ilé rẹ̀ fara ti tèmi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti yá a gbé, onílé wà ní New York. Lábẹ́ igi iwájú ilé rẹ̀ la ti ń ta dómínò, èmi pẹ̀lú ẹ̀, a ń na gbogbo àdúgbò.

"Ẹ̀gà, ìwé kí lò ń kọ? Ṣé o fẹ́ lọ di sẹ́nétọ̀ ni?"

Mo ní gbogbo ìgbà tó ti ta dómínò sódì ni mo ń kọ sílẹ̀. Ó ní kí n yáa ra ìwé kejì, kí n rí ibi kọ tèmi sí.

Ilé ọlọ́sàn: wọ́n wà.

Ọjọ́ Ajé, 17

Mo ti rí ọgbọ́n dá. Aṣọ ibùsùn lórí okùn — àlejò ti lọ. Okùn lásán, bàtà lẹ́nu ọ̀nà — àlejò wà. Okùn lásán, kò sí bàtà — ilé sófo. Èmi ò tún yọ ọrùn bí àgùnfọn mọ́.

Mirelis tó ń tún ilé yẹn ṣe wá mu kọfí. Mo bi í bóyá òwò náà dáa. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ife sílẹ̀. "Don Baudilio, ẹ sọ fún Nereida pé afẹ́fẹ́ iyọ̀ ni ọ̀gá ilé yẹn. Fíríìjì kẹta rèé láàárín ọdún mẹ́rin. Kọ́kọ́rọ́ dípẹtà, fáànù dípẹtà. Tọ́wẹ́ẹ̀lì ń bá wọn wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Kánádà. Bí iná bá lọ, èmi ni wọ́n ń wò, bí ẹni pé mo ká a sínú báàgì." Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọlọ́dẹ tó mọṣẹ́ ni mí.

Aṣọ wà lórí okùn. Sófo.

Àbámẹ́ta, 22

Nereida pè. Ó ti sọ ilé tó fẹ́ rà.

Ilé Àkàn ni.

Onílé ti darúgbó, ó fẹ́ tà á. Òun ló kọ́kọ́ fi lọ̀. Mo ní, Àkàn ńkọ́? Ó ní, "Ti Don Quirino, mo ti mọ bí mo ṣe máa ṣe é, Bàbá. Ẹ ṣáà má sọ fún un. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ ẹnu yín."

Ó ti mọ bó ṣe máa ṣe é. Ohun tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọn sọ nípa òun náà nìyẹn, ní oṣù tó ṣáájú ìdágbére. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, pẹ̀lú ìbàdí ẹyọ kan, níbo ló fẹ́ gbé e sí? Lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní olú ìlú, lókè àjà karùn-ún?

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún mi tutù nínú àwo. N ò jẹ ẹ́.

Àìkú, 23

Mẹ́rin dé lọ́sàn-án, pẹ̀lú báàgì tó tó pósí. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí Nereida: "Ilé sófo o."

Bí a ó ṣe máa ṣe é nìyí. Nínú ìwé yìí, òótọ́. Lórí fóònù, èyí tó bá wù mí. Ìwé ò ṣẹ̀ mí.

Ọjọ́bọ̀, 27

Mo fẹ́ lé àwọn mẹ́rin yẹn lọ. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ èdè wa díẹ̀. Mo sọ fún un pé kápútẹ́nì tó rì sómi máa ń wá fọ ẹsẹ̀ ní ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé wọn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Irọ́ tó mọ́ra, mo fi ìtàkùn òkun sí i lọ́rùn.

Wọ́n gbé àga jáde, wọ́n ń retí rẹ̀. Wọ́n sì fi alẹ́ mẹ́ta kún tiwọn.

Àkàn ló tún ń ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ó ń bẹ́ àgbọn fún wọn. Ó ń sọ ìgbà tí ọkọ̀ ẹja ń dé fún wọn. Lánàá, ó di àkàbà mú fún Mirelis, ó ń bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ tó ń fa omi. Mo ní, "Àkàn, ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ lo dà lọ́jọ́ ogbó ni?" Ó ní, "Ẹ̀gà, èèyàn a máa kọ́ṣẹ́ títí wọ́n á fi sin ín." Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wà. (Lórí fóònù: sófo.)

Àìkú, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin

Sófo ní tòótọ́. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó ṣe mí bákan lẹ́nu.

Ẹtì, 11

Wọ́n wà. Sófo. Ẹni tó bá kà á kó mọ èyí tó jẹ́ ti fóònù.

Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, 17

Mọ́kànlá láti olú ìlú nínú yàrá mẹ́ta. Ọmọ ìlú wa ni wọ́n, ẹ̀rọ orin wọn tó kọ́bọ́ọ̀dù. Ilẹ̀ ń mì.

Mo se ẹ̀wà aládùn, mo fi wàrà àgbọn àti ànàmọ́ sí i, mo gbé abọ́ kan fún Àkàn. Ó gbé tirẹ̀ fún mi. Tirẹ̀ dáa ju tèmi lọ lọ́dọọdún. Mo sọ fún un pé ó jóná. Ó ní kí n dá abọ́ padà nígbà náà. Mo ti lá a tán.

Nereida pè: "Àlejò ńkọ́, Bàbá?"

"Tọkọtaya kan. Bíbélì ni wọ́n ń kà."

"Ariwo kí nìyẹn?"

"Àwọn ìjọ ni. Wọ́n ń gbé àgbélébùú kọjá."

Àìkú Àjíǹde, 20

Ó pè lẹ́yìn Máàsì. "Bàbá, mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Alẹ́ mọ́kànlá nínú mọ́kànlélógójì, tí àsìkò àlejò sì nìyí? Ilé wo ló ń jẹun bẹ́ẹ̀ tí ò ní kú? Mo ti sọ fún onílé pé mi ò rà mọ́."

Mo ní ó ṣe bí ọlọ́gbọ́n. Mo lọ ta dómínò. Ìgbà márùn-ún la nà wọ́n. Àkàn ò mọ ohun tí mò ń kọrin sí.

Ọjọ́rú, 23

Ọkùnrin kan dé láàárọ̀, bàtà rẹ̀ ń dán, téèpù lọ́wọ́. Ó wọn iwájú ilé Àkàn. Ó wọn ẹ̀gbẹ́. Ó wọn igi wa. Ó kí wa tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sórí fóònù.

Nígbà tó lọ, Àkàn ti dómínò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́.

Láti oṣù Kejì ni Nereida ti pè é. Kó tó pè mí. Ó ní bí òun bá ra ilé náà, yàrá ẹ̀yìn ilé ìdáná á jẹ́ ti Don Quirino títí ayé, kò ní san kọ́bọ̀. Àkàn náà á máa mú kọ́kọ́rọ́, á máa gba àlejò, á máa wo omi àti iná. Àkàn ti gbà. "Ó ní kí n má tíì sọ fún ẹ. Ó ní tí Ẹ̀gà bá gbọ́ kí òun tó fọwọ́ sí i, gbogbo Samaná ló máa gbọ́, ẹlòmíì á wá fowó lé owó." Ìdí nìyẹn tó fi ń bẹ́ àgbọn. Ìdí nìyẹn tó fi di àkàbà mú.

Ó wá wò mí. "Lánàá ló pè mí pé òun ò rà mọ́. Kí ló wá dé tó fi yí ọkàn padà? Ẹ̀gà, ṣé ó gbọ́ nǹkan kan nípa mi ni?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Gbogbo irọ́ tí mo ti pa láyé mi, n ò pa èyí tó tó yẹn rí.

Ọjọ́bọ̀, 24

N ò jáde.

Ẹtì, 25

Mo pe Nereida. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ ka ohun tó wà nínú ìwé fún mi."

Mo kà á. Alẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú mọ́kànlélógójì.

Mi ò dúró síbẹ̀. Mo sọ fún un pé láti ọjọ́ kejì Àjíǹde, kò sí bàtà lẹ́nu ọ̀nà yẹn mọ́. Mirelis ní bó ṣe máa wà nìyẹn títí di oṣù Keje. Mo ní tó bá di oṣù Kẹsàn-án, alángbá nìkan ló ń sùn níbẹ̀, gbogbo ayé ń wo ojú ọ̀run bóyá ìjì ń bọ̀. Mo ka ti iyọ̀. Mo ka ti fíríìjì mẹ́ta.

Ó ní, "Ẹ parọ́ kí n má baà rà á. Ẹ ò wá lè parọ́ díẹ̀ kí n lè rà á?"

Mo ní ó ti rẹ̀ mí.

Ó gé fóònù.

Ìṣẹ́gun, 29

Ó dé pẹ̀lú ọkọ̀ àárọ̀. Kò yà sọ́dọ̀ mi. Ó lọ bá Mirelis. Ó lọ bá Àkàn, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó ń bá New York sọ̀rọ̀ lẹ́yìnkùlé, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ — kì í sì í ṣe pé mi ò gbìyànjú.

Ìrọ̀lẹ́ ló tó wá jókòó tì mí.

"Ilé náà ò ní sọ mí di olówó. Oṣù márùn-ún ni yóò máa bọ́ oṣù méje. Ṣùgbọ́n kò ní pa mí."

Mo ní, ọlọ́tèépù ńkọ́?

"Ó fẹ́ wó o. Onílé ò fẹ́ kí wọ́n wó o, ìyá rẹ̀ kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ọlọ́tèépù ju tèmi lọ, ó ní kí n fi kún un. Mo fi kún un."

Mo ní èló. Ó ní mi ò ní ẹ̀tọ́ àtimọ̀. Pẹ̀lú yẹ̀rì etí méjèèjì ló dé láàárọ̀, etí lásán ló fi padà lọ sí Santiago. Ti ìyá rẹ̀ ni yẹ̀rì yẹn.

Kí ó tó wọ ọkọ̀, ó ní, "Mo ti sọ fún Don Quirino ìdí tí mo fi kọ́kọ́ sọ pé rárá. Ẹ má rò pé ẹ lè sá fún un."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún

Àkàn ò jáde wá ta dómínò. Wọ́n fi ẹlòmíì jókòó síwájú mi. Mi ò rántí bóyá a jẹ tàbí a ò jẹ.

Àbámẹ́ta, 3

Ó dé ẹnu géètì mi láàárọ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ dúró.

"Òpùrọ́. Wá gbé ẹsẹ̀ kejì bẹ́ẹ̀dì yìí."

Yàrá iwájú ti di ti àlejò nìyẹn. Ibẹ̀ ló ti sùn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí wọ́n ti ń rí òkun láàárín ilé méjì. Igi gidi ni bẹ́ẹ̀dì náà, èmi fúnra mi ni mo kàn án, mo sì ṣépè fún ara mi lónìí. A sinmi nínú pálọ̀. A sinmi ní ilé ìdáná.

Mo ní, "Mo rò pé mò ń gbà ẹ́ sílẹ̀ ni."

"Ta ló bẹ̀ ẹ́?"

"Kò sẹ́ni."

"Gbé e sókè díẹ̀. Ẹnu ọ̀nà nìyẹn."

Yàrá ẹ̀yìn gba bẹ́ẹ̀dì àti àga kan. Fèrèsé rẹ̀ kò ju àwo oúnjẹ lọ. Ó jókòó lórí igi bẹ́ẹ̀dì, ó ń mí, ó ń wo ìta. Ògiri ilé mi nìkan lèèyàn ń rí níbẹ̀, gbogbo ọ̀dà rẹ̀ ti bó.

Ó nawọ́ sí i.

"Ògiri ẹ ò dáa."

Mo ní mo máa kùn ún lọ́la. Mo ní kó sọ àwọ̀ tó bá wù ú. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ní àwọ̀ òkun, bó ṣe máa ń rí ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀.