Ọba Oníyọ̀ tó Fẹsẹ̀ Rìn Lọ Bá Bàbá Rẹ̀

Bàbá mi, ẹni tí mo fi ojú jọ,

Ẹ kú àtijọ́ o. Ní Sharjah níbí, lẹ́bàá Dùbáì, àwọn oníṣòwò Yorùbá, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, ti fi mí ṣe olórí wọn. Èmi, ọmọ yín! Ẹgbẹ́ wa àtijọ́ tú ká, kálukú ń dá ẹrù rẹ̀ kó lọ sí Èkó, àwọn ejẹ́ǹtì sì ń rẹ́ wa jẹ. Èmi ni mo kó wọn jọ padà, tí ẹrù gbogbo wa fi ń wọ kọ̀ǹtéénà kan náà.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ ti Dùbáì dé? Ọ̀wọ́ mọ́tò, fèrè ń dún, gbogbo àdúgbò jáde. Ẹ̀yin nìkan lẹ gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ sóko, ẹ tiẹ̀ gbàgbé fìlà yín sórí àga. Ó dùn mí wọra. Kí ni mo ṣe yín? Ẹ papòdà kí n tó bi yín.

Lánàá, ará Ṣáínà tí mo ń ra abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà Deira ní Dùbáì ń fi ọba ìlú wọn àtijọ́ yangàn. Nígbà tí ìjọba àwọn ọba Tang ń wó lọ, tí ogun gba ilẹ̀ Ṣáínà kan, ọkùnrin yìí ń ṣe fàyàwọ́ iyọ̀. Ó di jagunjagun, ó lé àwọn ọlọ́tẹ̀, ó sì sọ agbègbè etí òkun wọn di ìjọba tirẹ̀. Ó tún mọ odi dí òkun kó má baà gbé oko lọ. Ọkùnrin gidi!

Ṣùgbọ́n bó bá ti fi ẹṣin àti ẹ̀ṣọ́ wálé, bàbá rẹ̀ á sá. Lọ́jọ́ kan, ó fi gbogbo wọn sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn wá bàbá náà lọ. Ìgbà yẹn ni bàbá tó sọ fún un pé kì í ṣe ìbínú. Ìran apẹja àti àgbẹ̀ ni wọ́n. Ọ̀tá ti wá yí ọmọ ká, ẹ̀rù pé àjálù lè dé bá ìdílé ni kò jẹ́ kí bàbá lè wò ó. Ọba bú sẹ́kún. Àtìgbà náà ló ti ń fi sùúrù ṣàkóso, ìjọba rẹ̀ sì pẹ́.

Bàbá, mo sunkún láàárín abọ́. Ará Ṣáínà rò pé abọ́ ló wọ́n jù, ó sáré dín owó rẹ̀! Ẹ̀rù pé nǹkan lè ṣe mí ló ń bà yín, àbí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í dákẹ́ pé igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó.

Àwọn ará ilé ti ń ṣètò mọ́tò tí yóò sìn mí wálé lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní khalas, ó tó, mi ò fẹ́. Màá sọ̀ kalẹ̀ lójú títì, màá fẹsẹ̀ rìn wọlé láìsí fèrè. Ẹ̀yìnkùlé tẹ́ ẹ gbà sá, ibẹ̀ náà la sin yín sí. Màá mú fìlà yín tí mo ti ń tọ́jú láti ọjọ́ yẹn dání.

Ẹ dúró dè mí o.

Èmi ni, àkọ́bí yín tó fẹ́ràn yín dọ́ba.