Mọ́tò Ṣubúọlá Tó Kọ̀ Láti Dúró

Abúlé Òkè-Ọ̀sán,
Lẹ́bàá Ìwó.

Ṣubúọlá ọmọ mi, Àbẹ̀ní mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ewu, nítorí ewu iná kì í pa àwòdì. Nusaibah ọmọ ọmọ mi ńkọ́? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ẹ̀yin méjèèjì lórí ìdúró ní Dublin, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Àwa náà wà dáadáa. Òjò ti dá, ewúrẹ́ mi bí ìbejì, orúnkún mi sì ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀ látìgbà tí ìpara tí o fi ránṣẹ́ ti dé. Mo kọ́kọ́ fi pa búrẹ́dì nítorí ó jọ bọ́tà, kí Babáwálé, ọmọ àbúrò bàbá rẹ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tó kà á fún mi pé ti orúnkún ni. Ọlọ́run ṣe é, n kò tíì jẹ ẹ́.

Nígbà tí fọ́tò mọ́tò rẹ dé, mo sunkún. Mo rí i pé kò lórùlé, mo ní ọmọ mi kò rówó rà á tán, ó ra ìsàlẹ̀, ó fi òkè sílẹ̀. Babáwálé ní rárá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, òkè rẹ̀ ń ká sẹ́yìn bí ẹní, sípọ́ọ̀tì kà ni wọ́n ń pè é. Ìgbà yẹn ni mo rò pé eré sísá lo ti jẹ ẹ́, mo sì sọ fún gbogbo àdúgbò, nítorí láti kékeré lẹsẹ̀ rẹ ti yá. Ìwọ lo padà sọ pé owó iṣẹ́ rẹ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó lo fi rà á, ṣùgbọ́n n kò tíì tún un sọ fún àdúgbò.

Ọjọ́ tí o wá pè wá pé mọ́tò náà kọ̀ láti dúró, mo ju ìgbálẹ̀ ọwọ́ mi sílẹ̀. O ní ìwọ àti Nusaibah ń bọ̀ láti Lucan, o gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọkọ̀ tó sáré, kí mọ́tò lè rọra, ṣùgbọ́n ó ń sáré lọ bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ṣì wà níbẹ̀. Mo ní àbí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ni kò tíì sọ̀kalẹ̀. O ní o tẹ kílọ́ọ̀ṣì, o tẹ bíréèkì, o yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, o sì yí kọ́kọ́rọ́ títí ó fi dákẹ́, Nusaibah sì ń pàtẹ́wọ́ pé kí ẹ tún un ṣe. O gbé fóònù fún un, mo bi í bí ara rẹ̀ ti rí, ó ní òun jẹ́ gírándì. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, ọmọ mi, èmi ni gírándìmọ́mà, ìwọ ṣì kéré. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí wọ́n ṣe ń sọ pé ara le níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbọ́ tí mo fi jókòó sílẹ̀ tí mo sunkún ọpẹ́.

Babáwálé ṣàlàyé fún mi pé wáyà kan ló so ẹsẹ̀ awakọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, inú rọ́bà ló ń gbà bíi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́, tó bá ti dípẹtà tó sì ń já fọ́nránfọ́nrán, ó máa ń há, kò ní padà mọ́. Mo fẹ́ sọ fún ọ pé kí o ta mọ́tò náà. Mo ti ní kí wọ́n bá mi pe nọ́ńbà rẹ pàápàá. Ìgbà náà ni mo rántí àsìkò tí o wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn tó ń dúró de ìwé ìgbélùú, tí wọn kò jẹ́ kí o ṣiṣẹ́, tí wọn kò jẹ́ kí o dáná, tí o ń fi ẹsẹ̀ rìn nínú òjò pẹ̀lú oyún. Mọ́tò yìí ni nǹkan ńlá àkọ́kọ́ tó jẹ́ tìrẹ níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀.

Bá mi kí Ezekiel, aládùúgbò yín ní Corduff, kí ó gbọ́ ọ dáadáa. Ó pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ lọ́jọ́ Sọ́ńdè láti ràn ọ́ lọ́wọ́, Mùsùlùmí sì ni wá. O ní ọwọ́ rẹ̀ tóbi, kò wọ ibi tí wáyà náà wà, òun ló ń tan tọ́ọ̀ṣì, ìwọ lo fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ ìdarí ọkọ̀, tí o na ọwọ́ sókè, tí o yọ orí wáyà àtijọ́, tí o sì ti tuntun gba inú ihò bọ́ sídìí ẹ́ńjìnnì, kí Ezekiel lè fi í kọ́ lọ́hùn-ún. O ní wáyà tuntun náà kọ́kọ́ le jù, ẹ́ńjìnnì ń ké nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́, ẹ bá tú u díẹ̀, ó sì rọ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ ni mo fi ń ráhùn pé apá rẹ tínrín, pé o kì í jẹun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò gbọ́ ìráhùn mi.

O ní mọ́tò náà yóò ṣe ìdánwò ìjọba, tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ọkọ̀ ṣì yẹ lójú títì, lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti ní kí Alfa fi í kún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC nínú àdúrà. Tí kò bá yege, má bú u, arúgbó ni, ìwé á ti jáde lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Nígbà tí àyà mi já lórí fóònù, mo ṣèlérí màálù fún Ọlọ́run. N kò ronú kí n tó sọ ọ́. Mo bi Alfa bóyá àgbò lè rọ́pò rẹ̀, ó ní Ọlọ́run mọ agbára olúkúlùkù, kí n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ. Jọ̀ọ́, fi ohun tí agbára rẹ bá ká ránṣẹ́, kí a fi ṣe sàárà, kí gbogbo abúlé jẹ ẹran lórúkọ ìwọ àti Nusaibah. Ènìyàn ni kí o fi rán o, má fi síbi ẹ̀rọ báńkì tó wà lára ògiri ní Ìwó. Mo kí i, mo dárúkọ rẹ fún un, káàdì ló gbà lọ́wọ́ mi, kò sì dá mi lóhùn.

Ọlọ́run tó kó ọ yọ kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ àjèjì á tù ọ́ lára. Ẹni tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ kò ní jìnnà sí ọ, ìwọ náà kò sì ní jìnnà sí mi. Wàá dàgbà, wàá dògbó, Nusaibah yóò di ọwọ́ rẹ mú wá sílé, ẹ ó sì bá mi láyé. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń yọ̀ nítorí rẹ,
Làtífátù.