Jẹ́sì Tí Kò Dọ̀tí

Kàdúná, 1976

Ìyá Ganiat, aya mi,

Lẹ́tà rẹ dé, inú mi dùn pé ara ilé le. Ara tèmi náà le. Oúnjẹ kíláàbù bọ́ọ̀lù tí mo wà pọ̀, mo ti ń sanra.

O ní Ṣàíbù ọ̀rẹ́ mi ló ń wọ jẹ́sì nọ́ńbà náìnì mi báyìí nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àdúgbò wa, pé ó gbá góòlù méjì wọlé ní pápá Campos, gbogbo Ẹnu Ọ̀wá sì ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ó dára. O ní ìwọ lo ń bá a fọ jẹ́sì. Ṣé ọwọ́ ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù tó fi rẹ̀ ẹ́ láti fọṣọ ni? Mi ò bínú o.

O bi mí bóyá mo lè wá gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ wọn nígbà Iléyá. Ìwé tí mo fọwọ́ sí fún kíláàbù ibí kò gbà. Fún ọdún méjì, kóòṣì ìbáà lò mí, ìbáà má lò mí, mi ò gbọdọ̀ gbá fún ẹlòmíràn, kódà bọ́ọ̀lù àdúgbò.

Má dààmú nípa aṣọ mi. Jẹ́sì tí wọ́n fún mi ṣì funfun bí ìgbà tí wọ́n yọ ọ́ nínú ọ̀rá.

Bá mi kí Ìyá àti Ganiat. Kí Ṣàíbù náà, kí o sì gbé ọṣẹ fún un kó lọ fọ jẹ́sì rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọkọ rẹ,
Mọ̀núrù