Ọwọ́ Bíréèkì Tó Padà Wálé Pẹ̀lú Àmì Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí aya rẹ, mo kí ọmọ kékeré tó máa ń fẹnu fa fóònù nígbà tí mo bá ń bá yín sọ̀rọ̀. Ṣé ara le? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohun tó yẹ kó dúró máa yí lọ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ṣe àmín rẹ dáadáa, ìdí àdúrà yẹn ń bọ̀ níwájú.

Ilé wà bó ṣe wà. Òrùlé ẹ̀yìn ń jò, ewúrẹ́ wa bí méjì, àbúrò rẹ obìnrin sì ti parí iṣẹ́ télọ̀ tó ń kọ́. Gbogbo ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n inú ń bí mi débi pé mo bu iyọ̀ sí tíì bàbá rẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sì mu ún tán, torí wọ́n ti wo ojú mi.

Maṣíìnì alùpùpù tí o rà fún wa ni. O mọ̀ pé òun ni mo fi ń gbé bàbá rẹ lọ sí ọsibítù tí wọ́n ti ń bá wọn na ẹsẹ̀ tó rọ yẹn. Ẹsẹ̀ náà ti ń gbọ́ràn, wọ́n tilẹ̀ fi ta adìẹ kan nípàá. Àfi bí mo ṣe fún ọwọ́ bíréèkì níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́, tó rọ̀ pẹ̀sẹ̀, tí a sì wọ àárín àga tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. A ò fara pa, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ní àwọn ò tún gun ohun tí kò mọ̀ ọ́n dúró. Wọn ò lọ na ẹsẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ sì ti ń gan padà. Adìẹ ti ń kọjá níwájú wọn bó ṣe wù ú.

Mo pe ẹni tó tà á fún wa, èyí tí mo ń pè ní Onítáì, torí táì ọrùn rẹ̀ gùn ju sùúrù rẹ̀ lọ. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, gáráńtì ọdún kan wà lórí maṣíìnì náà. Mo wò ó lókè, mo wò ó nísàlẹ̀, mo tún fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, n kò rí nǹkan kan lórí ẹ̀. Ó ní kí n ya fọ́tò ọwọ́ bíréèkì náà ránṣẹ́. Ṣé a máa ń ya fọ́tò láìmúra ni? Mo wé gèlè, mo jókòó níwájú onífọ́tò, mo gbé ọwọ́ bíréèkì lé itan, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Èsì wo ni Onítáì fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù? Àtàǹpàkò. Àtàǹpàkò kan ṣoṣo tó dúró ṣánṣán, kò sí ìkíni, kò sí ọ̀rọ̀. Ó fẹ́ kí n tẹ̀ka, èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà, tí mo ń fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí. Mo kọ orúkọ mi gàdàgbà sára páálí, mo sì tún lọ ya fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀, kó lè mọ̀ pé wọ́n rán mi níléèwé.

Nígbà tó yá, ó ní kí n gbé èyí tó bàjẹ́ wá, kó lè dé iléeṣẹ́ tó ṣe é. O mọ̀ mí. Nítorí àwọn tó ń gbé abọ́ ẹni ẹlẹ́ni lọ nídìí ẹ̀rọ omi, kò sí abọ́, kò sí korobá, kò sí ọmọrí ìkòkò ilé wa tí n kì í fi ìṣó fa ìlà mẹ́ta sí nídìí. Mo fa ìlà mẹ́ta sábẹ́ ọwọ́ bíréèkì yẹn kó tó kúrò nílé.

Ọjọ́ tí tuntun dé, inú páálí dídán ló wà, wọ́n fi ọ̀rá wé e. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tí mo lè bí. Mo délé, mo tú ọ̀rá, mo yí i padà, mo bá ìlà mẹ́ta mi níbẹ̀. Bàbá rẹ, ẹni ire, ní bóyá iléeṣẹ́ ló rí àmì wa lára ti àkọ́kọ́, tí wọ́n bá wa fi sára tuntun kó má bàa sọnù. Mo wò wọ́n, mo lọ po tíì wọn. Tíì oníyọ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé maṣíìnì náà sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń kó pákó, ó di ṣọ́ọ̀bù Onítáì. Mo fi àmì mi hàn án, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é níléeṣẹ́ nìyẹn, kí n lọ pe àwọn tó ṣe é. Mo ní kì í ṣe àwọn tó ṣe é ló gba owó ọmọ mi. Mo fẹ́ jókòó, ó ní àga oníbàárà nìyẹn. Kí wá lèmi jẹ́? Mo gbé maṣíìnì dábùú ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo tì í pa, mo sì wọkọ̀ wálé. Àwọn tó fẹ́ rajà ń fẹ̀gbẹ́ wọlé báyìí, kọ́kọ́rọ́ sì wà létí ìró mi.

Bàbá rẹ gbọ́, wọ́n ní kí n bá àwọn wá bàtà àwọn méjèèjì. Láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ti rọ, ẹyọ kan ni wọ́n ń wọ̀. Wọ́n ní àwọn máa bá mi lọ jókòó sórí àga náà, ká wo ẹni tó máa lé aláìsàn dìde.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ èèyàn méjì ránṣẹ́ kíá, owó àlọ nìkan. Bí o bá fi owó àbọ̀ kún un, inú á bí mi sí ìwọ náà, torí bí a bá ń bọ̀, orí maṣíìnì wa la ó wà, bàbá rẹ lẹ́yìn mi, a ó sì máa dúró níbikíbi tó bá wù wá.

Ọlọ́run á bù kún ọ. Ẹni tó bá máa tajà fún ọ á jẹ́ ẹni tó nítìjú.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kì í tẹ̀ka.