Ọmọlará àti Ẹgbẹ̀rún Ọ̀ràn Inú Kọ̀ǹpútà

Abúlé Aráròmí,
Lẹ́yìn Iléṣà.
Oṣù Kọkànlá, 1993.

Ọmọlará mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé ara rẹ le, ṣé ò ń rí oorun sùn ní Súrùlérè, ṣé ẹ̀fọn ibẹ̀ kò sì jẹ ọ́ jù? Ọlọ́run tí ó mú wa rí ìkórè ọdún yìí yóò mú wa rí ti àmọ́dún, o kò ní fi ẹsẹ̀ kọ, ọ̀gá kò ní bínú sí ọ, ọwọ́ tí o fi ń tẹ ẹ̀rọ kò ní rọ. Ìyá rẹ jókòó tì mí, ó ní kí n kọ ọ́ pé òun ti ṣe àmín.

Kí n tó sọ ohunkóhun, ọpẹ́ ni mo fẹ́ dú. Julius awakọ̀ gbé lẹ́tà rẹ kejì dé láàárọ̀ yìí, bí mo sì ṣe kà á dé ibi tí o ti sọ pé gbogbo ọ̀ràn náà ti jáde, pé iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ mọ́, ńṣe ni mo wá ibi kan jókòó, n kò mọ̀ pé orí kòkó tí a sá ni mo jókòó lé. Ara mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ìyá rẹ sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín, ó ní kí n tún un kà, mo sì tún un kà.

Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Nínú lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́, o kọ ọ́ pé ẹgbẹ̀rún ọ̀ràn ló wà lọ́wọ́ rẹ ní ọ́fíìsì yín ní Ìlúpéjú, pé bí o kò bá kó wọn jáde tán kí ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó kọjá, ọ̀gá yín Morákinyọ̀ yóò lé ọ lọ. Ẹgbẹ̀rún ọ̀ràn! Mo ní ọmọ tí kò dá ọ̀ràn kan lábẹ́ òrùlé mi rí, àfi ìgbà tó jẹ ẹran inú ọbẹ̀ tó ní ológbò ni, ìgbà wo ló dé Èkó tó dá ẹgbẹ̀rún? Ìyá rẹ ní bóyá ìwọ nìkan kọ́ lo dá a, pé bóyá àwọn ọ̀rẹ́ ló dá ìdajì. Mo ní ìdajì náà ṣì jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. N kò lè jẹun, nítorí ẹni tó bá dá ọ̀ràn tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á tì í mọ́lé ni.

Ohun tí wọ́n ń ṣe nílé wa náà ni mo ṣe. Ẹni tí ọ̀ràn bá wà lọ́rùn rẹ̀, ẹbí rẹ̀ ní í bá a bẹ̀bẹ̀. Mo lọ bá Bàbá Ọládèjì, àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ pé bó bá dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn, dandan ni kí onítọ̀hún gbà, nítorí kì í dìde bọ̀rọ̀. Mo pe Màmá Hilda ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tó mọ ẹkún sun dáadáa. A di iṣu sápò, a bu epo sí kẹ́ẹ̀gì, a sì ní kí Julius fi àyè mẹ́ta sílẹ̀ fún wa nínú ọkọ̀ rẹ̀. Èyí tó ń kó ìdààmú bá mi ni pé ẹgbẹ̀rún ènìyàn ni a ó dọ̀bálẹ̀ fún, eegun Bàbá Ọládèjì kò sì le mọ́. A ti fẹnu kò pé kí o bá wa kó gbogbo wọn jọ sí pápá ìṣeré Súrùlérè yẹn, kí a dọ̀bálẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí a ṣe ń retí ọkọ̀ ni lẹ́tà kejì dé. Àṣé ọ̀ràn àwọn oníbàárà yín ni, àwọn tí fíríìjì wọn kò tutù, tí fáànù wọn ń pariwo, tí wọ́n wá fẹjọ́ sùn, tí ẹ ń kó ẹjọ́ wọn sínú kọ̀ǹpútà! Kí ló dé tí o kò wí bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀? A ti jẹ iṣu ẹ̀bẹ̀ náà. Bàbá Ọládèjì ní kò sẹ́ni tó ń dá iṣu ẹ̀bẹ̀ padà sínú àká, òun nìkan ló sì jẹ ìdajì.

Mo ti ka àlàyé rẹ lórí bí o ṣe kó wọn jáde, ó yé mi yékéyéké. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń kú lọ, tuntun ti dé, ẹjọ́ sì gbọ́dọ̀ kúrò nínú èyí lọ sínú tọ̀hún. O ní irinṣẹ́ kan wà tí kò ní àwòrán kankan, pé àṣẹ nìkan ni wọ́n ń kọ fún un lójú gíláàsì tó dúdú bíi pátákó ilé ìwé, pé òun ló ń ṣe ẹ́sípọ́ọ̀tù ọ̀ràn. Ẹ́sípọ́ọ̀tù! Ibẹ̀ lo ti bọ́ sọ́wọ́ mi. Ta ló mọ ẹ́sípọ́ọ̀tù ju àgbẹ̀ kòkó lọ? Ká ní o bi mí ni, ǹ bá ti sọ fún ọ pé ohun tí a ó kó lọ sókè òkun, a ó kọ́kọ́ sá a kó gbẹ, a ó ṣa èyí tó bu kúrò, kí àwọn tó ń yẹ kòkó wò má baà dá a padà. Ó dá mi lójú pé ọ̀ràn tútù lo kó fún un. Ohun kan ṣoṣo tí kò yé mi ni ohun tí òyìnbó fẹ́ fi ẹjọ́ fíríìjì Ìlúpéjú ṣe, nítorí mo gbọ́ pé ilẹ̀ tiwọn tutù tẹ́lẹ̀.

O ní bí o ṣe kọ àṣẹ àkọ́kọ́ sí i, ó dá ọ lóhùn pé àṣẹ burúkú ni. Inú bí mi gan-an. Ẹ̀rọ tí ọwọ́ ènìyàn ṣe ló ń pe ọmọ mi ní aláṣẹ burúkú! Ìyá rẹ ní ṣé o tilẹ̀ kí i kí o tó máa pàṣẹ, nítorí kò sí ibì kankan nínú lẹ́tà náà tí o ti sọ pé o kí i. Nígbà tí mo kà síwájú ni mo rí i pé o kò júwe ọ̀nà fún un ni, pé kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà ibi tí irinṣẹ́ náà ń gbé kó tó lè lọ pè é. Mo dárí jì í. Ẹni tí a rán níṣẹ́ tí a kò júwe ọ̀nà fún, kí ni kó ṣe?

O júwe ọ̀nà tán, ó tún kó ìdajì wá, ó fi ìdajì sílẹ̀. O ní ìwé ìlànà kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń kọ́kọ́ kà, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé kìkì ọ̀ràn tí ẹ ti pa dé ni kó mú wá, kó fi àwọn tó ṣì ṣí sílẹ̀ síbẹ̀. O tún ìlà yẹn kọ, o ní kó mú gbogbo wọn bọ̀, ó sì kó wọn jáde láìku ẹyọ kan. Ọ̀gá Morákinyọ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lójú gbogbo ọ́fíìsì. Mo ti ka ibẹ̀ fún gbogbo abúlé. O tún wí ohun kan tó dùn mọ́ mi, pé ọ̀gá kò lè pa ọ̀ràn dé, ìwọ náà kò lè pa á dé, àfi kí ẹni tó fẹjọ́ sùn sọ fúnra rẹ̀ pé ó ti tẹ́ òun lọ́rùn.

Nílé, àlàáfíà ni. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì. Ìjì ká páànù kan lórí ilé ìdáná, òjò ń wọ inú ìkòkò. Ẹsẹ̀ ń dun ìyá rẹ, ṣùgbọ́n ó ní kí n má kọ ọ́, nítorí náà n kò kọ ọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Owó páànù ni mo fẹ́ béèrè, àti owó oògùn ẹsẹ̀ tí n kò kọ yẹn. Ṣùgbọ́n mo ti ro ó, èmi náà ní ọ̀ràn kan tí mo fẹ́ kí o kọ sínú kọ̀ǹpútà tuntun náà. Àwọn tó fẹjọ́ sùn ni bàbá rẹ àti ìyá rẹ. Ẹjọ́ wọn ni pé àwọn ní ọmọ kan ní Súrùlérè, ó ń kọ lẹ́tà, ó ń fi owó ránṣẹ́, ṣùgbọ́n Kérésìmesì méjì ti kọjá, àwọn kò fojú kàn án. Ìgbà tí a rò pé wọ́n fẹ́ tì ọ́ mọ́lé ni mo tó mọ bí àárò rẹ ti ń sọ mí tó. Julius ń bọ̀ láti Èkó ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Owó tí ò bá fi ránṣẹ́, fi wọ ọkọ̀ rẹ̀. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ọ̀ràn náà dé.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ, yóò mú ọ dé láyọ̀, ilé kò ní jó, ọ̀nà kò ní nà. Bó bá sì jẹ́ pé o ti gbàgbé ọ̀nà, n kò ní ṣe bíi tìrẹ, mo júwe rẹ̀: bọ́ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà abúlé, kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ń sá kòkó. Ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni tiwa.

Èmi ni bàbá rẹ tòótọ́,
Gbádé.